Oyún Kọ́, Ọyún Ni

Kò jọ dókítà ẹranko lójú mọ́: wọ́n gbé abo ajá wá, ikùn rẹ̀ yọ, kò lè dìde, alájá sì ń ka ọjọ́ ìbímọ. Wọ́n ti mú akọ wá gùn ún ní bí ọ̀sẹ̀ 6 sẹ́yìn. Nǹkan bí ọjọ́ 63 ni oyún ajá, nítorí náà ìrètí alájá bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ọyún ló kún ilé-ọmọ, kò sí ọmọ kankan níbẹ̀.

Bí abo ajá bá ti wá akọ tán, ì báà rí i, ì báà má rí i, ara rẹ̀ á máa ṣe bíi ti aboyún fún nǹkan bí oṣù 2. Progesterone, èròjà ara tó ń gbé oyún ró, á mú kí ara ilé-ọmọ nípọn, ẹnu rẹ̀ á sì pa dé. Kòkòrò tó bá ti wọlé ṣáájú, E. coli ló wọ́pọ̀ jù, á wá ráyè gbèrú. Ara ajá tó ti ń dàgbà ni èyí ti wọ́pọ̀. Ní Sweden, níbi tí wọn kì í ti í sábà yọ ilé-ọmọ ajá tára rẹ̀ dá, àkọsílẹ̀ ìbánigbófò fi hàn pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́rin abo ajá tó ń ní in kí wọ́n tó pé ọdún 10.

Tí ọyún bá ń dà jáde, orí ajá náà bá a ṣe é, nítorí alájá á tètè fura. Èyí tí kò dà ló ń pa ajá jù. Ajá á máa mu omi lámujù, á máa tọ̀ léraléra, kò ní jẹun, á máa bì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fún un ní epo pupa àti kápúsù kẹ́míìsì, tí ọjọ́ sì ń lọ. Iṣẹ́ abẹ láti yọ ilé-ọmọ náà ni ìtọ́jú tó dájú.

Ẹ̀bi kì í ṣe ti alájá nìkan. Ọ̀pọ̀ dókítà kì í ṣàlàyé àìsàn yìí àfi nígbà tí alájá bá fẹ́ fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ abẹ, nígbà tí ẹ̀rù ti bà á, tó jẹ́ pé owó ló kù tó ń rò. Wọ́n á ní alájá Èkó àti Ìbàdàn kò ní gbà kí wọ́n yọ ilé-ọmọ ajá Boerboel tó ń bí ọmọ títà. Òótọ́ ni, owó ni. Àmọ́ ẹni tí ajá rẹ̀ bá ti bí iye ọmọ tó fẹ́ tán lè ní kí wọ́n yọ ilé-ọmọ náà nígbà tára ajá ṣì dá. Iṣẹ́ náà rọrùn ju ti ajá tí májèlé ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó sì yẹ kí wọ́n sọ fún un pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń dá wíwá akọ dúró lè fa àìsàn yìí gan-an.

Àìmọ̀ yìí kan náà ló ń pa akọ ológbò tí ìtọ̀ rẹ̀ dí, tí wọ́n rò pé ìgbẹ́ ló ń há a. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3, ó lè kú. Òun náà ló ń mú kí àwọn mìíràn sá fún ìtọ́jú kókó tó ń ṣẹ̀jẹ̀ lójú ara ajá, tó máa ń ràn nígbà ìgùn, nítorí wọ́n bẹ̀rù ọ̀bẹ. Vincristine, abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀, ló sì ń wo ọ̀pọ̀ nínú wọn sàn.

Ọjọ́ àjẹsára àkọ́kọ́ ló yẹ kí dókítà ti sọ gbogbo èyí. Bí kò bá sọ, kí alájá bi í. Ẹni tí abo ajá rẹ̀ bá sì ń mu omi lámujù lẹ́yìn ìgbà tó wá akọ, kó má dúró de ọjọ́ 63. Kó gbé e lọ fún sìkáànì lónìí.