Páńẹ̀lì Sólà Orí Bọ́ọ̀sì: Ẹ Fún Un Ní Afẹ́fẹ́

 

Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán, tí lítà bẹntiróòlù kan sì fò láti ìsàlẹ̀ ₦200 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ mélòó kan, ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń fi bọ́ọ̀sì tajà kò lè tan jẹnẹrétọ̀ bó ṣe wù wọ́n mọ́. Ìdí nìyí tí páńẹ̀lì sólà fẹ́lẹ́, èyí tó ń tẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí ọkọ̀, fi wọ̀ wá lójú. Ó dára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ owó àjọ la fẹ́ fi rà á, ká lajú wa dáadáa.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó lè ṣe. Páńẹ̀lì fẹ́lẹ́ 100 wáàtì gùn tó nǹkan bíi mítà kan, ó sì fẹ̀ tó ààbọ̀ mítà. Kò wúwo ju kílò 2 sí 3 lọ. Onígíláàsì ẹgbẹ́ rẹ̀ tó kílò 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn, iná tó ń kó sínú bátìrì kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta yúníìtì kan tí à ń rà sínú mítà nílé. Ìyẹn tó fún gílóòbù, fáànù kékeré, fóònù àti POS. Fírísà ẹja ńkọ́? Rárá o, kò tó.

Ooru gan-an ni ọ̀tá rẹ̀. Agbára tí wọ́n kọ sẹ́yìn páńẹ̀lì, inú ìwọ̀n ooru 25 Celsius ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Páànù orí bọ́ọ̀sì lọ́sàn-án gangan ńkọ́? Ẹ fọwọ́ kàn án wò! Bí páńẹ̀lì bá gbóná dé 65, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà agbára rẹ̀ ti lọ. Onígíláàsì ní àyè lábẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ pẹrẹsẹ mọ́ páànù kò ní. Ooru yìí ló ń jẹ́ kó wú, kó pọ́n, kó sì kú láìtọ́jọ́.

Èrò wa nìyí. Bí ọkọ̀ yín bá ní káríà irin tó lágbára, tí ẹ kì í di ẹrù lé e, onígíláàsì ni kí ẹ rà. Ó máa ń pẹ́ jù. Bó bá jẹ́ fẹ́lẹ́ ni, ẹ ní kí oníṣẹ́ fi ike oníhò, tí afẹ́fẹ́ ń gba inú rẹ̀ kọjá, sáàárín òun àti páànù. Kí etí iwájú rẹ̀ dì dáadáa, torí atẹ́gùn títì márosẹ̀ kì í ṣeré. Páńẹ̀lì tó bá fò lu ọkọ̀ ẹ̀yìn, ẹjọ́ dé. Kí kọ̀ntírólà wà láàárín páńẹ̀lì àti bátìrì, kí fíùsì sì wà nítòsí bátìrì. Wáyà tó bó tó sì kan irin lè sun ọkọ̀ tọjàtọjà.

Ẹ má gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì lé e, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ ọkọ̀ gùn ún. Bí nǹkan bá bo apá kan rẹ̀, odindi rẹ̀ ló lè rọ.

Àwọn kan á ní owó ike yẹn ti pọ̀ jù. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Owó ike kò tó owó páńẹ̀lì kejì.

Paríparí rẹ̀, ẹ má san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ san ìdajì, kí ìyókù dúró títí òjò ńlá kan á fi rọ̀, tí ẹ ó rí i pé orí ọkọ̀ kò jò, bátìrì sì ń kún. Oníṣẹ́ tó dá ara rẹ̀ lójú kò ní bínú sí i. Lóòótọ́, oòrùn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni, ṣùgbọ́n òógùn wa la fi ń ra páńẹ̀lì.

Ọjà á tà o.