Ẹ Má Ta BSA Bàbá Yín Ní Kílò

Ọ̀nà méjì ni a fi ń fi alùpùpù àtijọ́ ṣòfò nílẹ̀ yìí. Àwọn kan á pe oníkóńdẹ́mù, á gbé e sórí ìwọ̀n bí irin lásán. Àwọn mìíràn á rí irú rẹ̀ lórí fóònù, wọ́n á sọ iye tí wọ́n ń tà á nílùú òyìnbó di iye tiwọn, wọ́n á wá máa wojú ọ̀nà títí ìpẹtà yóò fi jẹ ẹ́ tán. Agboolé kan ṣoṣo ni mo ti bá méjèèjì pàdé ní Ejìnrìn.

Wọ́n ní kí n wá bá wọn díye lé alùpùpù BSA àtijọ́ kan. Ẹ̀yìn ilé ló wà, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, páànù àlòkù ni wọ́n fi bò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó pè mí ní, "Bàbá, ẹ wò ó, ọkọ̀ ogun ni o. Bàbá wa àgbà ló gùn ún dé láti Bọ́mà." Ẹ̀rín pa mí. Àwọn ọmọ ogun wa tó jà ní Bọ́mà lọ́dún 1944 àti 1945, ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn lọ, òun náà ló gbé wọn bọ̀. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Irin gan-an ni ká bi léèrè.

Mo fi àkísà tí mo rẹ sínú kẹrosíìnì nu ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì. WM20 ló hàn, nọ́ńbà sì tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Èyí tí BSA ṣe fún ológun nígbà ogun ni wọ́n ń lu WM20 sí lára. Tàwọn aráàlú lẹ́yìn ogun, XM20, YM20 tàbí ZM20 ni. Ẹ má fi àwọ̀ ewé ṣe ẹ̀rí, nítorí ọ̀dà kò wọ́n lọ́jà. Mo tún wo fọ́ọ̀kì iwájú: sípíríǹgì ńlá kan ló wà láàárín rẹ̀, kò rí bíi ti Bajaj. Ìyẹn náà bá a mu. Irọ́ ni ti Bọ́mà, òótọ́ ni ti ogun.

Àwọn aṣe-ìbọn ní Birmingham ló dá BSA sílẹ̀ lọ́dún 1861. Ìdí nìyẹn tí ìbọn mẹ́ta fi fara ti ara wọn nínú àmì ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, irú alùpùpù yìí, M20, tó lé ní 120,000 ni wọ́n ṣe fún ológun. Sìlíńdà kan ló ní, 500cc. Ó wúwo, kò yára, ṣùgbọ́n kò ka bẹntiróòlù burúkú sí. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ta èyí tó ṣẹ́kù fún aráàlú. Ìran àwọn bàbá wa mọ BSA dáadáa, látorí tíṣà dórí aṣòwò kòkó. Ejìnrìn pàápàá mọ agbára ẹ́ńjìnnì: ọ̀nà ọkọ̀ ilẹ̀ ló gba oníbàárà lọ́wọ́ ọjà etí ọ̀sà tí ará Ìjẹ̀bú àti ará Èkó ti ń pàdé.

Mo wá yẹ ara rẹ̀ wò. Mo tẹ kíìkì, kò mì. Písítìnì ti gan, ṣùgbọ́n díísù àti sùúrù lè tú u. Mo fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ táńkì, ìka fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé. Férémù le, ẹnikẹ́ni kò gé e, wọn kò jó o. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí magínẹ́ẹ̀tì wà, ihò ni mo bá. Òun sì ló ń ta iná sí púlọ́ọ̀gì láìlo bátìrì. Mo béèrè. Àbúrò ọ̀dọ́mọkùnrin náà dojú bolẹ̀: òun ti tà á fún oníkóńdẹ́mù, owó rẹ̀ kò sì tó jẹun ọ̀sán.

Ẹ wá wò ó o. Ìlú òyìnbó ni olùrà yóò ti wá òmíràn, owó ńlá sì ni. Owó oúnjẹ ọ̀sán ti jẹ apá tó pọ̀ nínú ogún ẹbí.

Ìdájọ́ mi rèé. Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà l'Ékòó ń béèrè iye Bajaj tuntun mẹ́ta. Mi ò ní san án. Iye Bajaj tuntun kan ni mo lè san, bí ìwé rẹ̀ bá wà. Iye alùpùpù bẹ́ẹ̀ kò sí nínú ìtàn tí ẹbí ń sọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí nínú bó ṣe wúwo tó. Inú àwọn ẹ̀yà tó bá a wá, tó ṣì wà lára rẹ̀, ló wà.

Ẹ̀yin tí irú rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé yín, ní Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú tàbí Ìjẹ̀bú, mo bẹ̀ yín: ẹ má kùn ún, ẹ má tú u. Ẹ da díísù díẹ̀ sí ihò púlọ́ọ̀gì, ẹ gbé e kúrò nínú ọ̀rinrin, ẹ wá ìwé rẹ̀ jáde. Kí ẹ tó pe oníkóńdẹ́mù, ẹ kọ́kọ́ pe mẹkáníìkì àgbà kan.