Òbí, JAMB àti Ọ̀nà Yunifásítì

Lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà, àjọ JAMB, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1978, ló ń bójú tó ìgbaniwọlé sí yunifásítì, pólì àti iléèwé olùkọ́ni. Ìdánwò rẹ̀, UTME, jẹ́ ìbéèrè 180 tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dáhùn lórí kọ̀ǹpútà fún wákàtí méjì: 60 lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì, tó jẹ́ dandan fún gbogbo wọn, àti 40 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀kọ́ mẹ́ta yòókù. Àpapọ̀ máàkì rẹ̀ jẹ́ 400. Ọdún kan péré ni èsì náà fi wúlò.

Máàkì yìí nìkan ni ọ̀pọ̀ òbí mọ̀. Bí ọmọ bá gba 280, wọ́n a máa jó. Bí ó bá gba 190, ìbáwí dé. Síbẹ̀, ẹni tó gba 280 lè jókòó sílé kí ẹni tó gba 240 sì wọlé, láìsí màgòmágó kankan nínú rẹ̀. Ohun tó ń fà á kò ṣòro láti yé ènìyàn. Kò sí ẹni tó jókòó ti òbí láti ṣàlàyé rẹ̀ ni.

Ẹ̀kọ́ tí ọmọ yàn fún UTME ló kọ́kọ́ ṣe pàtàkì. Ẹni tó fẹ́ di dókítà gbọ́dọ̀ ṣe Físíìsì, Kẹ́mísìrì àti Bàọ́lọ́jì pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá fi ìṣirò rọ́pò Bàọ́lọ́jì, 320 kò lè gbà á. Láti SS1, nígbà tí ọmọ ń yan sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà tàbí ẹ̀kọ́ okòwò, ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Èsì WAEC tàbí NECO ló tẹ̀ lé e: kírẹ́dìtì márùn-ún, tí Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò wà nínú wọn fún ọ̀pọ̀ jù lọ kóòsì. Èsì yẹn gbọ́dọ̀ wọ ojú òpó JAMB. Láti ọdún 2017, CAPS, ètò ìgbaniwọlé JAMB lórí ayélujára, ni wọ́n fi ń ṣe ìgbaniwọlé. Ọmọ tí èsì rẹ̀ kò sí níbẹ̀ kò lè rí àyè, ẹni tí wọ́n sì fún láyè gbọ́dọ̀ wọlé síbẹ̀ kó gbà á fúnra rẹ̀.

Gbèdéke máàkì tí JAMB ń kéde lọ́dọọdún ló ń ṣi òbí lọ́nà jù. Lọ́dún 2025, 150 ni fún yunifásítì, ṣùgbọ́n Ìbàdàn, Èkó àti Ifẹ̀ kì í wo ẹni tí kò tó 200. Ìdánwò Post-UTME, tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe, tó sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005, ṣì wà níwájú. Ní Yunifásítì Èkó, wọ́n ń fi 8 pín máàkì JAMB, kí 400 lè di 50. Post-UTME ní 30, èsì WAEC ní 20. Nípa bẹ́ẹ̀, 280 di 35, 240 sì di 30. Máàkì 5 péré ló wà láàárín àwọn méjèèjì, ẹni tó múra sí Post-UTME lè lé e bá kó sì kọjá.

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tún ń pín àyè: ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún fún ẹni tí máàkì rẹ̀ ga jù, 35 fún ọmọ ìpínlẹ̀ tó yí iléèwé ká, 20 fún ìpínlẹ̀ tí ìjọba kà sí èyí tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tíì gòkè tó. Kwara àti Kogi wà lára àwọn wọ̀nyí. Ìpínlẹ̀ baba ọmọ ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ibi tó ń gbé.

Ọ̀nà mìíràn sì wà. Ẹni tó ní ND láti pólì, NCE láti iléèwé olùkọ́ni, tàbí tó yege nínú IJMB tàbí JUPEB lè gba Direct Entry wọ ọdún kejì ní yunifásítì. Ó dunni pé ìtìjú ni òbí ń ka pólì sí.

Àìmọ̀ nípa ètò yìí ló ń sọ òbí di ìjẹ fún oníjìbìtì. Òbí ń sanwó fún ibùdó ìdánwò tí wọ́n ti ń ṣe màgòmágó, wọ́n ń sanwó fún ẹni tó ní òun mọ èèyàn ní JAMB. Nígbà mìíràn sì rèé, ọmọ kọ́ ló jẹ̀bi: lọ́dún 2025, àṣìṣe ẹ̀rọ ba èsì jẹ́ ní Èkó àti ní ìlà-oòrùn gúúsù. JAMB fúnra rẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ tó lé ní 370,000 sì ní láti tún ìdánwò ṣe. Òbí tó mọ ètò náà á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó na ọmọ rẹ̀.

Ó yẹ kí ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan nílẹ̀ Yorùbá sọ ọ́ di dandan fún iléèwé girama láti pe òbí lẹ́ẹ̀mẹta fún àlàyé ètò yìí: ní JSS3 kí ọmọ tó yan ẹ̀ka, ní SS2, àti kí ìforúkọsílẹ̀ JAMB tó bẹ̀rẹ̀ ní SS3. Èdè Yorùbá ni kí wọ́n fi ṣe é, ní àsìkò tí ẹni tó ń tajà lọ́jà lè wá. Ìpàdé òbí àti olùkọ́ tó wà báyìí kì í sábà kọjá ọ̀rọ̀ owó. Kí JAMB náà tẹ àkójọ kóòsì àti ẹ̀kọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń béèrè jáde ní Yorùbá, Haúsá àti Ígbò, lórí ìwé, kí wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbogbo iléèwé ìjọba.