Apakòkòrò Tí A Bomi Là Jù, Agbára Ló Ń Fún Kòkòrò

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀rọ̀ apakòkòrò ni, ìyẹn Izal, búlíìṣì bíi Jik àti Hypo, àtàwọn oògùn tí wọ́n fi ń fọ ṣálángá, gọ́tà àti tábìlì ẹran. Owó ẹgbẹ́ la fi ń rà wọ́n. Ara wa àti ara oníbàárà wa la sì ń tìtorí rẹ̀ rà wọ́n.

Ní ọ̀pọ̀ ìlà, bó bá ti di ọjọ́ ìmọ́tótó, wọ́n á da ìgò kan ṣoṣo sínú dírọ́ọ̀mù omi kó lè kárí. Kálukú á bu tirẹ̀, á wọ́n ọn sórí ìdọ̀tí, á sì gbé igbá sílẹ̀ láti tajà. Bí òórùn bá ti ń ta wọ́n nímú, wọ́n á ní ó ti mọ́. Àwa ò fara mọ́ ọn. Owó tí wọ́n dà sí gọ́tà ni. Ó tún burú ju kí owó ṣòfò lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣàlàyé. Kòkòrò àrùn tí a ń wí yìí kì í ṣe aáyán tàbí eṣinṣin. Ó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí i. Bó bá rí oúnjẹ, omi àti ooru, òmíràn nínú wọn lè di méjì láàárín ogún ìṣẹ́jú. Gbogbo wọn ò rí bákan náà. Ara àwọn kan le ju ti àwọn yòókù lọ, oògùn kì í tètè wọ̀ ọ́. Àwọn kan ní nǹkan bíi pọ́ǹpù kékeré lára, tí wọ́n fi ń ti oògùn tó bá wọlé jáde. Bí oògùn bá le tó, tó sì pẹ́ lára wọn, á pa àti alágbára àti aláìlágbára. Bí omi bá pọ̀ jù nínú rẹ̀, àwọn aláìlágbára nìkan ló máa kú. Àwọn tó le á ṣẹ́kù, wọ́n á máa bímọ, ọmọ wọn á sì le bíi tiwọn. Kì í ṣe pé kòkòrò lọ kọ́ṣẹ́ níbì kan. Ẹni tó wọ́n oògùn tí kò lágbára ló bá a ṣa àwọn tó le sọ́tọ̀, bí ìgbà tí àgbẹ̀ bá ń ṣa irúgbìn.

Ibi tí wọ́n ti fojú ṣọ́ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa ni ilé ìwòsàn. Ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì yẹ oríṣi 139 wò lára kòkòrò inú ìfun kan tí wọ́n ń pè ní Enterococcus faecium. Ilé ìwòsàn méjì ni wọ́n ti gbà wọ́n láàárín ọdún 1997 sí 2015. Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni sanitáísà, ọtí tí wọ́n fi ń pa ọwọ́, gbilẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n da ọtí tí wọ́n ti bomi là lé kòkòrò náà lórí. Èyí tí wọ́n gbà lẹ́yìn ọdún 2010 fara dà á ní ìlọ́po mẹ́wàá ju ti àtijọ́ lọ. Ọdún 2018 ni wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde. Wọn ò ní kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ nínú sanitáísà o. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé kòkòrò ń yí padà, níbi tí dókítà àti nọ́ọ̀sì pọ̀ sí pàápàá.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹ fọwọ́ kan inú kẹ́ẹ̀gì omi tó ti pẹ́, ẹ ó rí i pé ó ń yọ̀. Kòkòrò ló kọ́lé síbẹ̀. Irú nǹkan yíyọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń wà lára pátákó alápatà, níbi tí ọ̀bẹ ti gé e, àti nínú bàsíà ẹlẹ́ja. Oògùn kì í tètè dé ọ̀dọ̀ kòkòrò tó bá sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ní ti búlíìṣì, bó bá ti kan ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá tàbí ẹrẹ̀, ara ìdọ̀tí yẹn ni agbára rẹ̀ ń tán sí. Oòrùn náà sì máa ń pa agbára rẹ̀.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀? Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, kọ́lẹ́rà jà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ẹ̀mí sì lọ sí i. Bí irú rẹ̀ bá jà, ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fura sí. Ẹ̀wẹ̀, pọ́ǹpù tí kòkòrò kan fi ń ti apakòkòrò jáde, ó lè fi ti kápúsù tí dókítà bá fún ọmọ wa jáde pẹ̀lú.

Àwọn kan á ní, “Màmá Akọ̀wé, owó dà? Bí a ò bá bomi là á, kò lè kárí.” Èsì wa ni pé ọṣẹ, omi àti búrọ́ọ̀ṣì ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Ibi tí a bá ti fọ̀ mọ́, oògùn díẹ̀ ló kù tó máa gbà.

Ohun tí a ń fẹ́ nìyí. Ìkíní, ká fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ìdọ̀tí kúrò kí oògùn tó dé ibẹ̀. Ìkejì, kí ìlà kọ̀ọ̀kan ní ife ìwọ̀n kan, kó jẹ́ pé iye omi tí wọ́n kọ sára ìgò la ó lò. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, kó bi ọmọ rẹ̀. Ìkẹta, ká fi oògùn sílẹ̀ títí àkókò tí wọ́n kọ sára ìgò á fi pé, ká tó fi omi ṣan tábìlì, ká sì jẹ́ kó gbẹ. Ìkẹrin, ṣálángá àti gọ́tà ni Izal wà fún, kì í ṣe tábìlì oúnjẹ. Ẹ má sì da búlíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì ìfọṣálángá, èéfín rẹ̀ lè pààyàn. Ìkarùn-ún, ẹ̀yin tí ẹ ń ta oògùn yìí, ẹ gbé e kúrò nínú oòrùn. Ẹni tó bá sì ń fi omi lù ú tà, kó jáwọ́. Ẹran tí ẹ̀yin náà ń rà sílé, orí tábìlì yẹn náà ló ti ń wá.

A máa gbé ọ̀rọ̀ yìí síwájú Ìyálọ́jà ní ìpàdé gbogbogbòò tó ń bọ̀. Ẹ má fi ránṣẹ́, ẹ wá fúnra yín, kẹ́ ẹ sọ tẹnu yín. Ejò tí a nà tí a ò pa kú, ẹni tó nà án ló ń bẹ̀rù rẹ̀.

A ó jèrè ọjà o.

Àwa ni,
Akọ̀wé Ẹgbẹ́