Dídáná sun ààtàn kì í ṣe ìmọ́tótó



Bí ààtàn bá ti ga jù ní àdúgbò wa, ohun méjì ni a sábà máa ń ṣe. Èkínní, a ó dáná sun ún. Èkejì, a ó pe ọkọ̀ kí ó wá kó o lọ sí ibi tí ojú wa kò ní rí i mọ́. Lẹ́yìn náà a ó sọ pé ibẹ̀ ti mọ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ lè mọ́ kí afẹ́fẹ́ má mọ́. Ẹni tó bá ń tún ààtàn ṣe gbọ́dọ̀ ro ti ilẹ̀ àti ti omi, kí ó sì ro ti afẹ́fẹ́ pẹ̀lú.

Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ààtàn? Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé àti oúnjẹ tó bàjẹ́ ń jẹrà níbẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń dé ọ̀dọ̀ wọn, wọn a di ilẹ̀ dúdú tí ó dára fún ọ̀gbìn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbin bá ga tí ó sì kì mọ́ra, afẹ́fẹ́ kì í dé ìsàlẹ̀. Ohun tó wà nísàlẹ̀ a máa jẹrà láìsí afẹ́fẹ́, a sì máa tú gáàsì kan jáde tí a ń pè ní mẹ́tánì. A kì í fi ojú rí i, ṣùgbọ́n ó máa ń gbiná.

Mẹ́tánì a gòkè lọ, kò sì ní jẹ́ kí ooru ayé jáde dáadáa. Ó dà bí ìgbà tí a da kúbùsù bo ènìyàn nínú oòrùn. Èéfín iná àti èéfín ọkọ̀ ní gáàsì mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀: gáàsì kábónìkì. Ṣùgbọ́n láàárín 20 ọdún, kìlò 1 mẹ́tánì ń mú ayé gbóná ju kìlò 1 gáàsì kábónìkì lọ ní ìlọ́po tó lé ní 80. Ẹ̀yin àgbẹ̀ ni ẹ ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀ nígbà tí òjò bá yí àkókò rẹ̀ padà.

Bí a bá wá dáná sun ààtàn ńkọ́? Àpò ọ̀rá àti rọ́bà yóò jó pẹ̀lú ewé. Èéfín wọn ní májèlé nínú. Àwọn ọmọ tó ń ṣeré nítòsí ni yóò fà á símú. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.

Bí a bá fi ọkọ̀ kó o lọ ọ̀nà jíjìn ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Lítà 1 epo tí ọkọ̀ akẹ́rù ń jó máa ń di gáàsì kábónìkì tó lé ní kìlò 2 àbọ̀. Bí ọkọ̀ kan bá jó lítà 30 ní àlọ àti àbọ̀, tí ó sì lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, lítà 300 nìyẹn. Gáàsì tó jáde yóò ju kìlò 750 lọ. Bẹ́ẹ̀ sì ni èèpo iṣu tí ìbá jẹrà sí oko wa wà lára ẹrù náà!

Ọ̀nà mìíràn wà. Ní Addis Ababa, ní Etiópíà, ààtàn ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Koshe. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2017, ó ya lulẹ̀ lórí ilé àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ènìyàn tó lé ní 110 ló kú. Lẹ́yìn náà, àjọ UN-Habitat àti àwọn ará Jàpáànì bá wọn tún un ṣe. Ọgbọ́n tí wọ́n lò ti ìlú Fukuoka wá ní Jàpáànì. Ọdún 1975 ni wọ́n ti ń lò ó níbẹ̀.

Ọgbọ́n náà kò ṣòro. A ó to páìpù oníhò sí ìsàlẹ̀, a ó fi òkúta yí i ká. A ó gbé páìpù mìíràn nàró kí orí rẹ̀ yọ sókè. Ẹ̀gbin tó ń jẹrà máa ń gbóná. Afẹ́fẹ́ gbígbóná a gba òkè jáde, afẹ́fẹ́ tútù a gba ìsàlẹ̀ wọlé. Bí ààrò ni: bí a kò bá fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ igi, iná kì í jó dáadáa. Omi ìdọ̀tí náà a ṣàn jáde síbi tí a ti lè tọ́jú rẹ̀. Báyìí ni mẹ́tánì ṣe ń dín kù, láìsí ẹ́ńjìnnì tó ń jó epo. Níbi tí páìpù ti wọ́n, àwọn kan ti lo ọparun àti àgbá àtijọ́.

Nílé wa náà, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2018, wọ́n ṣí ibi ìkódọ̀tísí tuntun fún ìlú Lomé ní Aképé, kí wọ́n lè ti ààtàn àtijọ́ Agoè-Nyivé. Ó dára. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ kò mọ̀ pé a ti ti ilẹ̀kùn. Yóò máa jẹrà fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà a gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ.

Àwọn kan ń sọ pé: «Ilé iṣẹ́ ńláńlá Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ló ba ayé jẹ́, kì í ṣe ààtàn wa.» Òtítọ́ ni pé èéfín tiwọn pọ̀ ju tiwa lọ fíìfíì. Ó yẹ kí wọ́n dín in kù, kí wọ́n sì ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èéfín ààtàn Kétu kò kọ́kọ́ lọ sí Parí. Àyà ọmọ Kétu ló kọ́kọ́ ń wọ̀.

Nítorí náà, ohun tí mo rò pé ó yẹ kí a ṣe nìyí:

1. Kí a ya ohun tó ń jẹrà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rá, ìgò àti irin.
2. Kí a kó ohun tó ń jẹrà jọ lẹ́bàá oko, kí a máa yí i padà kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́, kí a sì fi bọ́ ilẹ̀.
3. Kí a má ṣe dáná sun ààtàn mọ́.
4. Bí àwọn ará mẹ́ẹ̀rì bá wá láti tún ààtàn àtijọ́ ṣe, kí a bi wọ́n pé: Níbo ni ẹ ń kó o lọ? Báwo ni ibẹ̀ ṣe jìnnà tó? Ibo ni gáàsì inú rẹ̀ yóò gbà jáde?

Ẹni tó mọ̀wé ni ó ń bèèrè irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé yín, kí ẹ sì mú wọn lọ sí ìpàdé àdúgbò.