Ẹ Jẹ́ Ká Fi Àyè Ẹni Tó Farapa Sílẹ̀ Dè É

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù la fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ẹni tó borí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣubú ni, àti ọ̀rọ̀ àwa tí a jókòó kọ orúkọ àwọn tí yóò gbá.

Ẹ̀yin tí ẹ wá sílé sí Ìdànrè ní ìsinmi oṣù Kejìlá tó kọjá á rántí àṣekágbá yẹn. Eré kò tí ì pé ogún ìṣẹ́jú. Ọmọkùnrin wa tó ń wọ jẹsí nọ́ńbà 7 sá lé bọ́ọ̀lù kan, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, ó kàn ṣubú ni. Àwọn òǹwòran ń pariwo pé kó dìde, kó má fi àkókò ṣòfò. Kò lè dìde. Nígbà tí a ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, báńdéèjì la bá lórí orúnkún, ó wé e pinpin.

Ibẹ̀ la ti gbọ́ òótọ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ṣáájú ni orúnkún náà ti yẹ̀, lọ́jọ́ tí a fi àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè ṣe ìdárayá. Ẹ mọ àtẹ̀gùn náà, ó lé ní 600. Gígùn rẹ̀ ń mú èémí, ṣùgbọ́n sísáré sọ̀kalẹ̀ ló ń mú orúnkún. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ó ń fi òróró ra orúnkún lóru, ó ń bá wa rẹ́rìn-ín lọ́sàn-án. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

A bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ṣé ẹ rántí aṣọ́lé wa?"

A rántí. Lọ́dún tó ṣáájú, aṣọ́lé wa wá bá wa fúnra rẹ̀ pé ìka òun wú. A yìn ín pé ó ṣe olóòótọ́, a sì fa orúkọ rẹ̀ yọ lójú ẹsẹ̀, a gba jẹsí lọ́wọ́ rẹ̀, a fún ẹlòmíì. Ìka náà san kí ìdíje tó dé ìdajì. Kò sẹ́ni tó pè é padà. Nígbà tí a pín owó ọkọ̀, orúkọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nígbà tí a ya fọ́tò, ẹ̀yìn ló dúró sí, pẹ̀lú aṣọ ilé lọ́rùn. Gbogbo ẹgbẹ́ rí i. Nọ́ńbà 7 náà rí i, ó sì kọ́ ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ọ.

Ohun tí a fẹ́ sọ nìyí: níbi tí òótọ́ bá ti ń gba àyè lọ́wọ́ ẹni, irọ́ ni àwọn èèyàn yóò máa pa. Ẹgbẹ́ tó bá ń lé ẹni tó farapa dànù lè máa rò pé akin nìkan ló kù lọ́wọ́ òun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tó mọ bí a ṣe ń fi ìrora pamọ́ ló kù. Àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n kí a tó fi òwe yẹn bá nọ́ńbà 7 wí, ẹ jẹ́ ká bi ara wa pé ta ló pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ń gbé ní Kánádà ló kọ́kọ́ là wá lójú sí bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń ṣe é. Eré tí wọ́n fẹ́ràn jù lọ níbẹ̀ ni họ́kì orí yìnyín. Bàtà tó ní irin bí ojú ọ̀bẹ nísàlẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, ọ̀pá ni wọ́n fi ń gbá nǹkan pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, wọ́n sì ń kọlu ara wọn bí àgbò. Ìfarapa kì í ṣe àlejò níbẹ̀, nítorí náà wọ́n ti ṣètò dè é.

Nínú NHL, líìgì ẹgbẹ́ 32 tó wà ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, eléré 23 ni ẹgbẹ́ kan lè ní lórí àkọsílẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìgbà nínú sáà, 20 nínú wọn ló sì ń wọ aṣọ fún ìdíje kan. Bí ẹnì kan bá farapa débi pé kò ní lè ṣeré fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, wọ́n lè gbé orúkọ rẹ̀ lọ sí àkọsílẹ̀ àwọn tó farapa. Àyè kan á wá ṣí sílẹ̀ nínú àwọn 23, wọ́n á pe ẹlòmíì wá, lọ́pọ̀ ìgbà láti inú ẹgbẹ́ kékeré tó so mọ́ ẹgbẹ́ ńlá náà. Àkọsílẹ̀ mìíràn tún wà fún ìpalára tó máa pẹ́, ìyẹn ti ẹni tí yóò pàdánù ìdíje 10 àti ọjọ́ 24, ó kéré tán. Ẹni tó farapa kò kúrò nínú ẹgbẹ́. Owó rẹ̀ ń wọlé, dókítà ẹgbẹ́ ń tọ́jú rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà níbì kan tí gbogbo ayé lè kà á.

A ò sọ pé ará ọ̀run ni wọ́n. Wọ́n ń fi òfin yìí náà ṣe ọgbọ́n. Ní sáà 2020-21, Nikita Kucherov ti Tampa Bay Lightning kò fara hàn nínú ọ̀kankan lára ìdíje 56 ti sáà náà nítorí iṣẹ́ abẹ ìbàdí. Àyè tí òfin fún wọn jẹ́ kí ẹgbẹ́ náà lè ná owó kọjá òdiwọ̀n lórí àwọn mìíràn. Kucherov padà dé gẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í du Stanley Cup, níbi tí òdiwọ̀n owó náà kò ti dè wọ́n nígbà náà, wọ́n sì gba ife. Ariwo sọ. Síbẹ̀, ẹ wò ó dáadáa: nítorí pé òfin dáàbò bo àyè ẹni tó farapa ni àwọn kan ṣe lè rí i lò jù. Lọ́dọ̀ tiwa, kò tilẹ̀ sí òfin tí èèyàn lè lò jù.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀ tó wù wá. Bí oníròyìn bá bi wọ́n pé kí ló ṣe eléré kan, ìdáhùn wọn kì í ju "apá òkè ara" tàbí "apá ìsàlẹ̀ ara" lọ. Wọn kì í fẹ́ kí ọ̀tá mọ ibi tí yóò kọlù. Ọ̀tá ni wọ́n ń fi í pamọ́ fún. Àwa, akọ́nimọ̀ọ́gbá wa là ń fi í pamọ́ fún.

Bí ẹnì kan bá ní Kánádà ti jìnnà jù, ẹ jẹ́ ká wá sí Àkúrẹ́, tí kò ju ìrìn ọkọ̀ díẹ̀ lọ sí Ìdànrè. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti bí Victor Boniface. Nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ní ẹgbẹ́ Bodø/Glimt ní Norway, orúnkún ti dá a dúró lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún dìde. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, ó wà pẹ̀lú Super Eagles níbi tí wọ́n ti ń múra sílẹ̀ fún Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n fẹ́ gbá ní Côte d'Ivoire, ni iṣan abẹ́ itan bá ṣe é. Iṣẹ́ abẹ ni ọ̀rọ̀ já sí.

Ìpinnu méjì ló tẹ̀ lé ìpalára kan ṣoṣo yìí. Super Eagles fi Terem Moffi rọ́pò rẹ̀. A ò lè dá wọn lẹ́bi: ìdíje náà kò ju bí oṣù kan lọ, Boniface kò sì lè padà kó tó parí. Ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì, Bayer Leverkusen, ní oṣù púpọ̀ níwájú. Wọ́n yá Borja Iglesias wá láti Betis títí sáà á fi parí. Ẹ kíyè sí i, wọ́n yá a ni. Wọ́n dí àlàfo náà, àmọ́ wọn ò gba àyè lọ́wọ́ Boniface. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí wọ́n na Werder Bremen ní 5-0 tí wọ́n sì gba líìgì fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé wọn, Boniface ló jẹ gólì àkọ́kọ́. Wọ́n parí líìgì náà láìfìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ní ìdíje tí Boniface pàdánù yẹn gan-an, àwọn tó gbàlejò wá kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ tó ta wá lára. Sébastien Haller ti farapa ní ọrùn ẹsẹ̀ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀. Simon Adingra náà kò yá. Gbogbo èèyàn mọ̀, akọ́nimọ̀ọ́gbá mọ̀, dókítà mọ̀. Síbẹ̀ wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì sílẹ̀. CAF fàyè gba agbábọ́ọ̀lù 27 lọ́tẹ̀ yẹn, nítorí náà ẹgbẹ́ kan lè ní sùúrù fún ẹni tí ara rẹ̀ kò tí ì yá. Wọn ò gbá ọ̀kankan nínú ìdíje ìpele àkọ́kọ́, kódà nígbà tí Equatorial Guinea ń na ilé wọn ní 4-0. Wọ́n dúró dè wọ́n. Haller ló jẹ gólì tó lé DR Congo lọ sílé. Ní àṣekágbá, ọjọ́ 11 oṣù Kejì ọdún 2024, Adingra ló gbé bọ́ọ̀lù gólì méjèèjì kalẹ̀, Haller ló jẹ èyí tó gba ife. Ta ni wọ́n nà? Àwa ni, 2-1.

A gbọ́ ohun tí ẹlòmíì á sọ. Wọ́n á ní àwọn wọ̀nyẹn lówó, wọ́n ní dókítà, ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé tí ẹ ń dáwó ra bọ́ọ̀lù, kí lẹ fẹ́ fi wé wọn? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí orúkọ èèyàn wà lórí ìwé kò gba kọ́bọ̀. Kí ó wọ jẹsí nínú fọ́tò kò gba kọ́bọ̀.

Àwọn mìíràn á ní arọ́pò tó bá ṣe dáadáa ńkọ́, ṣé a ó lé e kúrò nítorí ẹni tó ń bọ̀ láti ibùsùn? Ìbéèrè yìí le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èsì wa ni pé kí ẹni tó padà dé bá arọ́pò rẹ̀ du àyè náà lórí pápá, níbi tí gbogbo ojú wà. Ohun tí a ń bẹ̀ fún kò ju pé kí ó rí àǹfààní láti dù ú. Aṣọ́lé wa kò rí i.

A ò ní purọ́ fún yín pé ẹni tó bá sọ òótọ́ kì í pàdánù. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Boniface yìí kan náà lọ ṣe àyẹ̀wò ìlera ní AC Milan, lẹ́yìn àyẹ̀wò náà, Milan kò bá ọ̀rọ̀ lọ mọ́. Werder Bremen ló wá yá a. Ìpalára máa ń tẹ̀ lé èèyàn. Ṣùgbọ́n èyí tí dókítà bá rí, a lè mọ bí a ó ṣe gbé e. Èyí tó wà lábẹ́ báńdéèjì ló ń gbé èèyàn ṣubú láàárín pápá.

Nítorí náà, a ti fẹnu kò lórí nǹkan mẹ́ta fún ẹgbẹ́ wa, a sì fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ yòókù tí a jọ ń gbá ní Òdòde àti Aládé gbé e yẹ̀ wò.

Àkọ́kọ́, a ó ní ìwé méjì: ti àwọn tó ń gbá, àti ti àwọn tó farapa. Ẹni tó bá sọ pé nǹkan ń dun òun, ìwé kejì ni orúkọ rẹ̀ ń lọ. Jẹsí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, owó ọkọ̀ rẹ̀ kò yẹ̀. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá yá, a gbọ́dọ̀ tún un dán wò kí a tó kọ orúkọ ìdíje tó kàn.

Èkejì, akọ́nimọ̀ọ́gbá àti balógun ẹgbẹ́ kọ́ ni yóò máa sọ pé ẹni tó farapa lè gbá. Ifẹ̀ẹ́ ife ń dí wọn lójú. Àwọn méjì wà láàárín wa tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ọ̀rọ̀ wọn la ó máa tẹ̀ lé. Bí wọ́n bá ní kí ó lọ rí dókítà, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ yí i padà.

Ẹ̀kẹta kàn yín, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa. Lọ́dọọdún lẹ ń fi owó ife ránṣẹ́, a sì dúpẹ́. Lọ́dún yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yọ díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àpótí ìtọ́jú àti owó ìwòsàn. Ife kékeré kò burú.

Lọ́jọ́ tí nọ́ńbà 7 ṣubú, èèyàn tó yí i ká ju ogójì lọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, tó ń fi ọ̀pá rìn nínú ilé ìyá rẹ̀, àwa méjì péré ló yà kí i. Ẹsẹ̀ gìrìgìrì nílé àǹjọ̀fẹ́; àǹjọ̀fẹ́ kú, a ò rẹ́nìkan. Ojú tì wá.

Ó ti padà sí ilé ìwé báyìí, ó ṣì ń tiro díẹ̀. Dókítà ní kó má tí ì fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù ní sáà ẹ̀kọ́ yìí. A ti lọ bá a, a sì ti lọ bá aṣọ́lé wa náà pẹ̀lú ẹ̀bẹ̀. Orúkọ nọ́ńbà 7 ló ṣíwájú nínú ìwé kejì. Jẹsí rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù Kejìlá, yálà ó lè sáré tàbí kò lè sáré, a ó kọ orúkọ rẹ̀.