‘Wọ́n’ àti ‘A’ Nínú Àdúrà Wa

Nígbà tí àwa Kristẹni bá kúnlẹ̀ láti gbàdúrà fún ayé tó dàrú yìí, ẹjọ́ àwọn ẹlòmíràn ni a sábà máa ń rò níwájú Ọlọ́run. Àwọn olóṣèlú ńkọ́? Wọ́n ń jalè. Àwọn ajínigbé ńkọ́? Wọ́n ń pànìyàn. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè Yorùbá, arọ́pò-orúkọ inú àdúrà náà ni ó ń kọ mí lóminú: ‘wọ́n’ ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ẹ ṣí ìwé Dáníẹ́lì, orí 9. Jerúsálẹ́mù ti di ahoro, àwọn ènìyàn rẹ̀ sì wà ní ìgbèkùn. Ìwé náà kò ka irú ẹ̀ṣẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí Dáníẹ́lì lọ́rùn. Síbẹ̀, nígbà tí ó gbààwẹ̀ nínú aṣọ ọ̀fọ̀ àti eérú, ‘a’ ni ó fi jẹ́wọ́, kì í ṣe ‘wọ́n’. Nehemáyà náà, ní orí 1 ìwé tirẹ̀, ka ara rẹ̀ àti ilé baba rẹ̀ mọ́ àwọn tó ṣẹ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé ‘a’ yìí lè di ibi ìsápamọ́ fún ọ̀daràn: bí gbogbo wa bá jẹ̀bi, ta ni a ó bá wí? Nehemáyà dáhùn ní orí 5. Nígbà tí ó ń bá àwọn ọlọ́lá wí nítorí èlé tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ aláìní, ó jẹ́wọ́ pé òun àti àwọn arákùnrin òun náà ń yá ènìyàn lówó àti ọkà. Ó ní kí gbogbo àwọn jọ jáwọ́ nínú èlé. Ìjẹ́wọ́ kò pa ìbáwí lẹ́nu mọ́. Òun ni ó fún un ní ẹnu ọ̀rọ̀.

Èmi náà ní tèmi. Ní ọdún kan, mo ṣáájú àdúrà òwúrọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́, mo bẹ Ọlọ́run pé kí ó dójú ti àwọn tó ń ṣe èrú nínú ìdánwò. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, mo ti rí ìwé pélébé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, mo sì gbójú kúrò, nítorí ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, orí ọmọ sì wọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a máa gbàdúrà fún ayé. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣe àmín, kí a yẹ gbólóhùn wa wò: ta ni olùwà rẹ̀?